Oko Olóko

Ẹ̀yìn ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni mo tò sí ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé wa ní Grand Prairie, lókè òkun níbí.

"Màmá, ẹ ò tíì sọ bóyá ẹ gbádùn òtẹ́ẹ̀lì inú oko tá a lọ ní ilẹ̀ Basque, ní Spéènì."

"Mo gbádùn ẹ̀, ọkọ mi. Obìnrin tó ni ibẹ̀ yẹn já ata lẹ́yìnkùlé, ó fi se ẹ̀wà fún wa. O jẹ àjẹpọ́nnulá, o tún ń ya fọ́tò ilé tí bàbá ẹ̀ kọ́."

"Ibẹ̀ dáa, Màmá."

"Ó dáa. Oko olóko lo gbé mi lọ wò, oko bàbá mi ní Ìsẹ́yìn lo ní kí n tà."

Ọmọ náà rọra béèrè pé: "Ṣé ata ṣì ń so níbẹ̀?"

"Ó ń so. Ta ló ń já a?"