Fóònù Tó Dún Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹ jókòó sẹ́bàá odù omi àlùwàlá yẹn, ẹ dìde, ẹ máa bọ̀ níwájú níbí. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, kí orúnkún yín kan tèmi. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fún wọn láyè lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ fóònù la fẹ́ sọ lónìí, àwọn wọ̀nyí ló sì mọ fóònù jù wá lọ. Èmi gan-an, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Tó bá yá, ẹ ò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin jàmáà. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú relé láti ibi àsàlátù òní. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí Ọlọ́hun nílé Rẹ̀, kó kọ́kọ́ wá ẹni tí òun ti ṣẹ̀ rí, kó tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má sọ pé ó di ọ̀la. Kó má sì sọ pé ó wọ́n.

Ọkùnrin kan wà ní Ìwó, Súfíànù lorúkọ rẹ̀, páànù ló ń tà. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tí àwọn ọkùnrin ń so ó mọ́ ìgbànú kí ayé lè rí i. Súfíànù kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Ìrun márààrún, sáfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ gan-an, lẹ ti máa bá a. Ṣùgbọ́n ó láhun! Súbúhánálláhì, ahun rẹ̀ pọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó fi owó ara rẹ̀ pe ènìyàn rí. Fíláàṣì ni tirẹ̀. Ẹ mọ fíláàṣì, àbí? Á jẹ́ kí tìrẹ dún lẹ́ẹ̀kan, á pa á, kí ìwọ lè fi owó tìrẹ pè é padà. Ó ń fíláàṣì lèmọ́mù. Ó ń fíláàṣì ìyàwó rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé kó wá ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí ìyàwó ń rọbí, ó fíláàṣì agbẹ̀bí! Agbẹ̀bí ní ọmọ ta ló ń fi fóònù ṣeré báyìí. Nígbà tí yóò fi dé, ọmọ ti ń ké.

Súfíànù ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Táíbátù, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ẹ̀yìn Táíbátù ló dàgbà sí. Òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sílé kéwú, tó ń pè é ní Àlàó mi. Ó ti pẹ́ tí Táíbátù ti wà ní Jídà, ní ilẹ̀ Sáúdí, tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn tó wá ṣe Hájì. Nígbà tí ìyá wọn wá kú ńkọ́? Ta ló yẹ kó sọ fún un? Súfíànù ni. Ẹ gbọ́ ohun tó wí: "Bí mo bá pè é, ṣé ìyá á jí? Ẹkún ni yóò fi jẹ owó orí fóònù mi tán." Kò pè é. Wọ́n sin ìyá. Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́. Oníbàárà kan tó wá jẹun lọ́dọ̀ Táíbátù ní Jídà ló kí i pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Táíbátù di ṣíbí mú, ó ní, "Ta ló kú?"

Ta ló kú! Ìyá tó bí i lọ́mọ. Ẹ̀yin ìyá tó jókòó síbí, ẹ fi ara yín síbẹ̀.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò gbọ́ ohùn ara wọn. Ọlọ́hun wá ṣe é, orúkọ Súfíànù jáde nínú àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ó nílò ẹni tó mọ ìlú, ó sì rántí Táíbátù. Alájì kan tó kọ́kọ́ gbéra ló bá a mú iṣẹ́ lọ. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé kì í ṣe "ẹ má bínú" ló fi rán an. Òfin fíláàṣì ló fi rán an! Ó ní bí fóònù bá dún lẹ́ẹ̀kan, àlàáfíà ni. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ìwé ìrìnnà ti jáde. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wà, pè mí. Táíbátù gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọjọ́ yẹn gan-an ló fíláàṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò ìrìnàjò nìyẹn, láìsọ̀rọ̀. Súfíànù ń yangàn kiri pé, "Mò ń bá Jídà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kọ́bọ̀ ò kúrò lápò mi."

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ Hájì nílẹ̀ wa, yóò ti ilé bọ́ sí ilé, yóò máa tọrọ àforíjìn. Súfíànù ṣe é dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ kì í gba owó. Ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin kan tí òun lu ewúrẹ́ rẹ̀ rí. Ó tilẹ̀ bẹ ewúrẹ́ náà! Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀, Nímọ́tà, bi í pé, "Bàbá Múníru, Àǹtí Táíbátù ńkọ́?"

"Nímọ́tà, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ ni? N óò dọ̀bálẹ̀ lójúkojú."

Tíṣà kan wà ládùúgbò tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó lọ ra káàdì fún un, irú èyí tí wọ́n ń họ ẹ̀yìn rẹ̀, tí nọ́ńbà á jáde, tí ènìyàn á fi bá òkè òkun sọ̀rọ̀ pẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Tíṣà ní, "Ẹ gbà, ọ̀fẹ́ ni. Sààrà ìrìnàjò yín ni. Ẹ fi pe Àǹtí." Súfíànù dúpẹ́, ó ṣàdúà fún un, ó ki káàdì bọ àpò agbádá. Ó ní yóò wúlò lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá dé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n gbéra. Lẹ́yìn ìrun alásárì, fóònù dún, ó dákẹ́. Ó dún, ó dákẹ́. Ó dún, ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Nímọ́tà ní, "Wọ́n ní kí ẹ pe àwọn."

"Irú ni wọ́n fẹ́ kí n mú wá. Mo ti rà á."

Lọ́jọ́ kejì, alásárì kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Nímọ́tà kò lè jẹun mọ́. "Bàbá Múníru, káàdì ń bẹ lápò yín! Owó yín kọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò gbà á." Súfíànù gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, ó jókòó lé ìrọ̀rí náà. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbọ̀n rìrì bí ẹyẹ tí wọ́n dì mú. Bó bá ń kírun, á máa ka rákà pọ̀ mọ́ iye ìgbà tó dún. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Kì í ṣe owó mọ́, ẹ̀yin jàmáà. Ohùn Táíbátù ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, kò sì mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi dún báyìí. Ní ọjọ́ keje, tó jẹ́ Àlàrùbá, ó dún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dúró. Kò dún mọ́. Súfíànù mí kanlẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan! Àlàáfíà ni! Nímọ́tà, ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú." Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló jẹun yó.

Alẹ́ Àlàmísì ni àwọn ará àdúgbò wá dágbére fún un, nítorí mọ́tò yóò wá gbé e láàárọ̀. Ilé kún. Gbogbo àlejò ló mú ìwé pélébé wá, wọ́n kọ orúkọ ara wọn àti ti ọmọ wọn sí i, pé kó bá wọn pè é nínú àdúà ní òkè Àráfà. Àmánà nìyẹn, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni. Ìyá arúgbó kan, Ìyá Sààdátù, kó orúkọ ọmọ mẹ́rin tó ti kú wá. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣàdúà, fóònù dún. Orúkọ Táíbátù ló hàn lójú fóònù. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò dákẹ́. Súfíànù gbé e.

"Ṣé Àlàó nìyí?" Ohùn obìnrin kan tí kò mọ̀ ni.

"Èmi ni."

"Káfáyátù lorúkọ mi. Yàrá kan náà ni èmi àti Àǹtí Táíbátù ń gbé. Mo ra owó sórí fóònù wọn kí n lè bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó."

"Ṣé Àǹtí ló rán yín? Ẹ sọ fún wọn pé irú ń bẹ nínú ẹrù mi!"

"Ìnnà lílláhì... Àǹtí ti ṣaláìsí. Àná ni. A ti sin wọ́n láàárọ̀ yìí."

"Irọ́ ni! Wọ́n fíláàṣì mi lánàá! Ẹ̀ẹ̀kan ni! Àlàáfíà ni!"

Obìnrin náà ní, "Èmi ni mo gbé fóònù náà sí wọn lọ́wọ́ lórí ibùsùn àìsàn wọn. Owó inú rẹ̀ ò tó sọ̀rọ̀, ó kàn tó kó dún ni. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kí n fi fóònù tèmi pè yín, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, 'Òun ló ṣẹ̀ mí, jẹ́ kó pè. Kó ṣáà sọ pé Àǹtí, ẹ foríjì mí. Èmi náà á sọ pé mo ti foríjì ọ́, Àlàó, kó lè fọwọ́ mímọ́ dúró ní Àráfà.'"

"Wọ́n wá sọ ọ́? Láì jẹ́ pé mo pè, wọ́n ṣáà sọ pé àwọn foríjì mí?"

"Bùrọ̀dá, mi ò lè purọ́ mọ́ òkú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wọn sì já sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀yin jàmáà, ẹyọ kan yẹn, kí ni? Ṣé àforíjìn ni? Ṣé àlàáfíà ni? Àbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni, tí agbára ò gbé e dópin? Súfíànù lọ sí Mẹ́kà, ó tibẹ̀ dé, wọ́n ń pè é ní Alájì. Ṣùgbọ́n bí fóònù ẹlòmíràn bá dún lẹ́ẹ̀kan nínú ọjà, á gbé páànù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á máa retí títí tí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò sọ pé òkú ń pe ènìyàn o. Òkú kì í pè. Alààyè ló ń pè, àwa ni a kì í gbé e.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú àsàlátù yìí ká, ta lẹ kò tíì pè? Ẹ pè é lónìí. Ọlọ́hun, fún wa ní ẹnu tó lè sọ pé ẹ má bínú. Má jẹ́ kí ahun owó sọ wá di ahun ọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí ẹni tó ń dúró de ohùn wa sùn láìgbọ́ ọ. Ẹ ṣe àmín tó dún dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì dìde, mi ò tíì sọ bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́. Àwọn àlejò kò lè lọ, wọ́n jókòó tì í di àsùbáà. Bí wọ́n ṣe kírun tán, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́. Nímọ́tà ló fọgbọ́n wo ojú fóònù náà. Awakọ̀ ni. Súfíànù fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé bó bá dé, kó fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Sààdátù na ọwọ́. "Ọmọ mi, dá ìwé mi padà. Orúkọ àwọn ọmọ mi wúwo fún ọ." Súfíànù wá a, ó dá a padà. Ó wá fa káàdì Tíṣà yọ lápò. Ó fi èékánná họ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tó jáde, ó gbé fóònù sétí. Ilé pa rọ́rọ́ débi pé gbogbo wọn gbọ́ ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ náà tó ń sọ fún un pé ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta ló ní láti fi sọ̀rọ̀, kó tẹ nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ pè. Kò tẹ nǹkan kan. Obìnrin náà tún un sọ.

Àwọn àlejò wọ bàtà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jáde lọ sínú ìrì.