Ùsmán Ló Pa Orúkọ Àwẹ̀ró Rẹ́

Ìyá Ùsmán, má gbé omi wá, mi ò mu! Mi ò jókòó náà. Láti Ọ̀kà ni mo ti gun ọ̀kadà dé Ìkàrẹ́ yìí, gbogbo egungun mi ló ń dún, ṣùgbọ́n ìdúró ni mo fẹ́ fi sọ ọ́: ọmọ rẹ ti pa Àwẹ̀ró rẹ́!

Àwẹ̀ró wo kẹ̀? Ìyá ńlá ilé ọkọ mi ni! Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé ó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ìyá wa. Orí ayélujára ló ti pa á rẹ́. Ṣé o mọ ìwé ìmọ̀ ńlá inú fóònù yẹn, tí gbogbo ayé ń kà, tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ nǹkan sí? Mọ́júbọ́lá ọmọ mi ṣí ojú ìwé ìlú wa níbẹ̀, kí ló bá? Ọba, ogun, ọba, ogun. O ò ní mọ̀ pé obìnrin kan gbé Ọ̀kà rí! Ló bá kọ ìtàn Àwẹ̀ró sí i, bí ìyá ọkọ mi ṣe sọ ọ́: pé nígbà tí ogun lé wa gun orí òkè, tí ebi ń pa àwọn ọmọ débi pé wọn ò lè sunkún mọ́, Àwẹ̀ró kó èébù iṣu pamọ́ sínú ihò àpáta, ó jókòó tì í, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n bú u, wọ́n tì í, kò dìde. Nígbà tí ogun lọ, èébù yẹn ni wọ́n gbìn.

Ó dùn, àbí kò dùn? Ọmọ mi kà á fún ìyá àgbà, ìyá ọkọ mi náà, lórí ibùsùn, ìyá tí kò rìn mọ́ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ní, "Ṣé àwọn ará ìlú òyìnbó náà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí?" A ní wọ́n ti gbọ́! Ilẹ̀ mọ́, ó ní ká tún kà á. Ọmọ mi ṣí i. Òfìfo! Ta ló yọ ọ́? Ùsmán! Ùsmán tí mo pọ̀n sẹ́yìn ara mi nígbà tí o lọ bí àbúrò rẹ̀!

Ó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ta ló jẹ́rìí sí i?" Háà! Mọ́júbọ́lá kúkú kọ orúkọ ìyá àgbà síbi tí àwọn yòókù ń kọ orúkọ ìwé sí. Kí ló tún kù? Kí ìyá náà wá búra ni? Ọmọ mi ò jẹun láti àná, Nafisah. Mo se ẹ̀wà tó fẹ́ràn, ó kàn ń fi ṣíbí tì í kiri. Ó ní òun ò kọ nǹkan kan mọ́ láé. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá àgbà sì ń béèrè, àwa ń parọ́ pé fóònù ti kú.

Ẹ̀n? Kì í ṣe ìkà ló fi ṣe? Dúró ná. Ó ní tí òun ò bá yọ ọ́, àwọn tó le ju òun lọ á yọ ọ́, wọn ò sì ní jẹ́ kó padà? Pé olùkọ́ kan wà ní Àkùngbá tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ sínú ìwé, tí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa bá lè jẹ́rìí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, òun á sì fọwọ́ ara òun dá Àwẹ̀ró padà? Ó dáa, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbo ni màá ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ta ní ìta ilé wa ló...

Kí lo wí? Tún un sọ. Ìyá tìẹ? Níbí, ní Ìkàrẹ́? Pé kì í ta èébù láì kọ́kọ́ fún obìnrin Ọ̀kà kan lọ́fẹ̀ẹ́? Torí pé lẹ́yìn ogun, obìnrin kan láti orí àpáta Ọ̀kà ló fún wọn ní èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oko? Nafisah! Ìwọ náà ṣì ń ṣe é? Èébù tó o fún mi lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Mo rò pé o fẹ́ràn mi ni!

Yéè, ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Ọmọ ń wá ẹlẹ́rìí kiri ayé, ìyá tó bí i ni ẹlẹ́rìí! Pè é. Pè é báyìí, kó wá gba ohùn rẹ sílẹ̀, kó gbé e lọ sí Àkùngbá, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá àgbà àti Mọ́júbọ́lá mi. Tó bá sì tún béèrè ìwé lọ́wọ́ ìwọ tó o bí i, ìyá méjì ló máa bá jà lónìí!