Ìka Méjì Tí Mo Gé Lára Aṣọ Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí tó fi kú. Mi ò sì tíì sọ ọ́ fún Títí, ọmọ mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ijapo l'Àkúrẹ́ báyìí.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá bá mi lóṣù tó kọjá. Ó ń kọ ìtàn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní Oǹdó láyé ọjọ́un, wọ́n sì ti sọ fún un pé èmi ni mo rán aṣọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ó ka ohun tó ti kọ sí mi létí. Ó ní ìṣirò tíṣà tó ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ló ṣì, òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà parun. Mo bú sẹ́kún. Ọmọ náà rò pé inú mi ló dùn pé wọ́n rántí mi.

Kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn lọ sínú òṣùpá o. Gíga rẹ̀ kò ju tèmi lọ. Tíṣà kan tó ń kọ́ni ní físíìsì ló ṣe é pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ sókè, kí ẹ̀rọ náà fàlà sórí bébà bí atẹ́gùn àti òtútù ṣe rí níbẹ̀, kó sì padà wálẹ̀ láìfọ́. Tíṣà Afẹ́fẹ́ là ń pè é, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Á ní àgbẹ̀ kòkó tó bá ti mọ ohun tí ọyẹ́ ń gbèrò lókè, ọyẹ́ kò ní bá a lójijì mọ́.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kò gbé nǹkan kan dání, ó sì gòkè dáadáa. Èkejì ni yóò gbé ẹ̀rọ. Bó bá dé òkè, aṣọ kan yóò ṣí bí agboòrùn ńlá, yóò sì rọra gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni Tíṣà gbé aṣọ yẹn fún. Ó kó sílíìkì funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó kó bébà tó fi ya ìwọ̀n ègé mẹ́jọ tí mo máa gé rán pọ̀ wá pẹ̀lú. Oyún Títí wà nínú mi nígbà náà. Bí mo ṣe tẹ́ sílíìkì yẹn sórí tábìlì, atẹ́gùn gbé e díẹ̀, ó ń mí sókè sódò níwájú mi. Mo gbé ọwọ́ lé inú, mo gbàgbé ibi tí mo wà.

Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ àṣà wa. Àjákù kì í padà sọ́dọ̀ oníbàárà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n máa fi ìka méjì wọnú ìlà bí mo bá ń gé aṣọ, kí àjákù lè pọ̀, pé búláòsì kì í sọ̀rọ̀. Mo fi ìka méjì wọnú ìlà Tíṣà, lọ́tùn-ún àti lósì, lára ègé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbèrò ibi. Aṣọ ìsàmì ọmọ mi ni mo ń wò.

Nígbà tí Tíṣà wá gbé e, ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé bí mo ṣe yà á náà ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn èèyàn ìjọba wá láti Alágbàká l'Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kejì máa gòkè. Ọyẹ́ bo gbogbo pápá, oòrùn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ, a ò rí i mọ́. Gbogbo wa gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ni aṣọ mi yọ, funfun báláú. Ó rẹwà débi pé mo pàtẹ́wọ́. Àfi bí mo ṣe rí i pé ó kéré, ó sì ń yára jù.

Inú oko kòkó ló já sí. Ẹ̀rọ náà fọ́ yángá, bébà rẹ̀ di àkísà. Èmi ni mo sáré já aṣọ náà kúrò lórí igi, mo ní mo fẹ́ lọ tún un ṣe. Mo dáná sun ún, kí Tíṣà má bàa wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà ìjọba dé pé kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró.

Tíṣà ni baba ìsàmì Títí. Ó gbé e lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ pa aṣọ sílíìkì ara rẹ̀, ó ní, "Ọma mi, aṣọ rẹ mà rọ̀ o." Ilẹ̀ ì bá là kó gbé mi mì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lá àlá kan. Nǹkan funfun kan ń bọ̀ láti òkè, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, kì í balẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀dọ́mọbìnrin náà lọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Tíṣà ti di arúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Síléètì wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ pé ojoojúmọ́ ló ń ṣe ìṣirò rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, pé ó ń wá ibi tó ti ṣì í. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, inú rẹ̀ dùn. Ó na síléètì náà sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Ojú tuntun lè rí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi. Mo ní, "Tíṣà, mi ò mọ físíìsì." Mo tún sá lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Aṣọ ìsàmì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti dì í sínú báàgì. Títí rò pé mo kàn fẹ́ lọ kí baba ìsàmì òun ni, ó sì ní òun máa fi mọ́tò gbé mi lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ ọ́ fún Títí lọ́nà, àbí kí n jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí baba náà ti nu síléètì rẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.