Òórùn Tí Mo Sọ Di Oòrùn

Alága àpéjọ wa, Alhaji Tìrìmísíyù. Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn wá. Ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń ṣọ́ omi àti afẹ́fẹ́ ìlú. Ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe lọ́dún 1990. Irọ́ ni mo pa. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Mo pa á kí ọ̀nà tèmi lè là.

Lọ́dún náà, àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú létí odò kan lẹ́yìn Ẹ̀jìnrìn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń pa aṣọ láró ló ń da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú odò wọn. Ẹni tó bá wọn kọ lẹ́tà náà kò fi àmì ohùn sí i. "Oorun n pa wa" ló kọ. Ọmọ Yorùbá wo ló wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní mọ̀ pé òórùn ni wọ́n ń sunkún rẹ̀? Èmi náà mọ̀. Mo ti débẹ̀. Ìyá Wàsílátù, tó ṣáájú wọn, tí wọ́n jókòó ní ìlà kejì yìí, fa apá aṣọ mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Ọ̀gá ìjọba, ẹ má dúró lókèèrè. Ẹ súnmọ́ ọn, kí ẹ gbọ́ ọ bí àwa náà ṣe ń gbọ́ ọ." Mo súnmọ́ ọn. Mo fi áńkáṣíìfù bo imú.

Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá mi, tó ti di olóògbé báyìí, tí kò fẹ́ kí a bá ilé iṣẹ́ náà fa wàhálà, bi mí pé, "Oríyọmí, kí ni wọ́n kọ gan-an?"

Mo ní, "Oòrùn ni, sà."

"Oòrùn tó wà lókè yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ń pa wọ́n lára."

Ó rẹ́rìn-ín. "A jẹ́ pé ibòòji ni wọ́n ń fẹ́."

Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba kọ́ àtíbàbà onípáánù sétí odò tó ń rùn. Èmi sì di ọ̀gá ní ọ́fíìsì wa tó wà ní Agric, ní Ìkòròdú. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, Ìyá Wàsílátù ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A ti ríbi jókòó sí tí a bá fẹ́ bì." Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ yín, Ìyá. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí níbí, kí ojú èrò má baà sọ ọ́ di dandan.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi lónìí, ẹ̀yin èèyàn mi, kì í sì í ṣe sí ara mi nìkan. Ìwé tí wọ́n pín fún wa lẹ́nu ọ̀nà ni àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí iṣẹ́ wa láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Máàkì mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún wa! Àwọn wo ló yẹ̀ wá wò? Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì, tí bàtà wọn kò kan ẹrẹ̀. Iye fọ́ọ̀mù tí a kọ ni wọ́n kà. Wọn ò béèrè bóyá òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín ní Ìtamàgá ti kú láti ọdún 2004, síbẹ̀ oṣooṣù ló ń bí nọ́ńbà. Òkú wo ló ń bímọ? Nínú gbogbo àwa òṣìṣẹ́, Títílọpẹ́ nìkan ló kọ "ẹ̀rọ ti kú" sórí fọ́ọ̀mù fún oṣù méje gbáko. Ìwé "wí tẹnu rẹ", ìyẹn kúẹ̀rì, ni wọ́n fi san án lẹ́san. Títílọpẹ́, dìde, kí wọ́n rí ẹ. Ìwọ lo ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yìn mí.

Ojú ewé kọkànlá ló bí mi nínú jù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọdún 1990, kò sí ẹ̀rí kankan pé májèlé wà nínú odò àwọn obìnrin yẹn. Gbólóhùn yẹn ni ilé iṣẹ́ aláró fẹ́ gbé lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí wọ́n lè da ẹjọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí nù. Kò sí ẹ̀rí kẹ̀? Inú fáìlì tí èmi fúnra mi ti sọ di òfìfo ni wọ́n ti wá a!

Ẹ̀rí wà. Lọ́jọ́ tí mo lọ síbẹ̀, mo bu omi odò náà sínú ìgò, mo sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìgbà tí èsì fi máa dé, mo ti kọ "oòrùn". Bí mo bá fi èsì náà sí fáìlì, irọ́ mi á hàn. Mo bá gbé e lọ sílé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà lábẹ́ agbádá ìgbéyàwó mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kù lẹ́nu iṣẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ yín kọ ohun tí ojú yín kò rí. Kí omi tí ẹ ń mu má di àìsàn sí yín lára. Kí olúkúlùkù délé rẹ̀ láyọ̀. Ẹ ṣé o, tí ẹ fetí sílẹ̀ fún arúgbó.

Ìyá Wàsílátù, ẹ má dìde. Èmi ni màá sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín. Èsì náà rèé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ yàrá àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá bi yín lọ́jọ́ Ajé pé ta ló gbé e pamọ́, ẹ dárúkọ mi. Màá wà níbẹ̀, màá jẹ́ ẹ. Ẹ gbà á, Ìyá. Tiyín ni.