Pèrègún Ààlà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìdí pèrègún yìí le, òógùn ti bò mí lójú, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń hú u ni òótọ́ yóò máa jáde. Ẹ̀yin ẹbí mi tí mo pè wá sí oko, ẹ jókòó sábẹ́ kajú. Kí ẹnikẹ́ni má gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi Moudachirou ni mo gbé ààlà wọ inú ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Mamoudou. Bí mo ṣe ṣe é burú ju olè lọ.

Ẹ rántí àìsàn orí tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Kí ó tó padà dé, ejò ti ṣán Ganiyatou ìyàwó rẹ̀, a sì ti sin ín. Dókítà kan ní Bassila sọ fún mi pé ibì kan wà nínú ọpọlọ tó rí bí ẹja òkun kan tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin; wọ́n ń pè é ní ipokámpù lédè Faransé. Ibẹ̀ ni àìsàn bà jẹ́. Ó yé mi kíá, nítorí mo ti kà á nínú ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn tí ilé ẹ̀kọ́ kan ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ rẹ̀ dàbí ti ẹni tó ń di iṣu mọ́ òpó nínú àká: ohun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, òun ni í dì í kí ó má bàa bọ́, èyí tí a bá sì ń wá, òun ni í tọ́ka sí òpó rẹ̀. Iṣu àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí òpó. Tuntun ń já bọ́, ó ń jẹrà nílẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá káàánú rẹ̀. Èmi tí n kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò, mo ní òfò ni ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè rántí òwúrọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú pèrègún tí bàbá wa gbìn. Mo ṣì í ṣírò: ààlà bàbá wa kì í ṣe iṣu tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ká mi mọ́ ibẹ̀.

“Moudachirou, kí lò ń hú? Ìdí ọ̀pọ̀tọ́ ni bàbá fi ṣe ààlà. Àbí ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ ló kọ́ ọ pé pèrègún máa ń rìn?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ganiyatou dà? N kò rí i láti àárọ̀.”

Mo wò ó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ganiyatou ti kú.”

Ó ṣubú lulẹ̀, ó ké. Nouratou ọmọ rẹ̀ wá fà á lọ sílé. Mo parọ́ fún Nouratou pé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rántí ikú náà. Mo wá ráyè ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ti gbàgbé ikú, ó gbàgbé ẹkún, ó gbàgbé ohun tí mo ń hú. Ó tún wá. Mo tún sọ ọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń pa Ganiyatou lójú rẹ̀, ọgbẹ́ náà kò sì gbó rí. Irú ènìyàn wo ni mí?

Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Bí ó bá rí mi lókèèrè, ara rẹ̀ á gbọ̀n. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún Nouratou pé, “Má jẹ́ kí ó sún mọ́ mi.”

“Bàbá, kí ló ṣe yín?”

“N kò mọ̀. Àbúrò mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣáà ń bà mí.”

Ìrántí já bọ́, ẹ̀rù rí ibòmíràn sá pamọ́ sí.

Láàárọ̀ yìí mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó ní, “Dìde, mo ti dárí jì ọ́.” Kò pẹ́ tí mo gbọn eruku àyà mi tán tí ó fi bi mí pé, “Kí ló mú ọ dọ̀bálẹ̀?” Ìdáríjì náà ti já bọ́.

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. Ẹ bá a di ọ̀rọ̀ yìí mọ́ òpó, kí ẹ máa bá a rántí rẹ̀. Bí ó bá bèèrè Ganiyatou, ẹ má sọ ohun tí mo sọ. Ẹ bi í bí wọ́n ṣe pàdé, ìyẹn kò lè jẹrà. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè.

Pèrègún ti padà sí ìdí ọ̀pọ̀tọ́. Nouratou, gba ọkọ́. Ìlú Pénéssoulou ni mo ń kó lọ báyìí, kí bàbá rẹ lè jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ láìgbọ̀n.