Èmi Ni Mo Da Oògùn Nù, Wọ́n Ní Iṣu Àǹtí Ni

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mo kí yín o. Ẹrù kan wà lórí mi tó ti pẹ́ tí mo ti ń rù ú, ọrùn ti ń ro mí. Mi ò sọ ọ́ fún màmá mi títí tó fi kú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ẹ̀yin tí mi ò mọ̀, tí ẹ ò sì mọ̀ mí, ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, nítorí ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ibùsùn ní Ìgèdè-Èkìtì báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì jọ pé ó máa pẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Àwa méjì péré ni màmá wa bí. Délé ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀lé e. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì kéré, màmá sì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ádó. Bọ̀dá Délé ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, bó bá sì ń gún iyán, á máa fi orin gbe odó lẹ́sẹ̀, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé ilé tíṣà ti fẹ́ jẹun.

Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kí àìsàn náà tó dé. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tí a ò rí lóhùn. Ó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun lórí rédíò. Ó ń ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan.

Ẹni tí kò bá irú rẹ̀ gbé rí kò lè mọ̀. Ariwo kọ́ ló ń súni jù. Kí èèyàn máa tẹ́tí sí ìrìn ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú ilé kó tó mọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà máa jẹ́, ìyẹn gan-an ló ń súni. Mi ò mú ọ̀rẹ́ wá sílé rí. Bí wọ́n bá bi mí pé ọmọ mélòó ni ìyá mi bí, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Àbúrò bàbá wa obìnrin ló sọ fún màmá pé kí wọ́n gbé Bọ̀dá lọ sí ọsibítù. Àǹtí Ìgèdè ni a ń pè é. Ó ń dáko iṣu, kò bímọ, àwa méjèèjì ló fi ṣe ọmọ. Nígbà tí àwọn ará ìjọ ń sọ pé ààwẹ̀ ló kù, Àǹtí ní, “Ẹ gbààwẹ̀ o, ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá kán, ṣé ààwẹ̀ nìkan la fi ń tò ó?”

Wọ́n fún wa ní oògùn. Bọ̀dá ò gbà á, ó ní májèlé ni. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ká màmá mọ́ ọn, àtìgbà náà kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ màmá mọ́. Oúnjẹ ọwọ́ mi nìkan ló ń jẹ, nítorí àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Òun á gún iyán, èmi á bu ọbẹ̀. Bí oògùn náà ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Màmá á lọ̀ ọ́ kúnná, á dì í sínú bébà, á fi há mi lọ́wọ́ bí mo bá ti fẹ́ wọ ilé ìdáná. Ọmọ ilé ìwé girama ni mí nígbà náà.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú ọmọdé. Bọ̀dá mi dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Ó ń sùn lórí ìjókòó, itọ́ ń dà á lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Iyán tó ń gún ń ní kókó. Kò kọrin mọ́.

Lọ́jọ́ kan, a wà nídìí odó, ó gbójú sókè ó wò mí. Ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ ò lè fi nǹkan sí oúnjẹ mi láé, àbí?”

Mo ní, “Láéláé, Bọ̀dá.”

Bébà yẹn wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ da oògùn náà sínú eérú lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo sì ń dà á nù lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ìfẹ́ nìkan ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé wa fẹ́ pín ẹ̀bùn fún àwọn tó ṣe dáadáa, èmi ni wọ́n fẹ́ fún ní ti ìṣirò, mo sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wá láìsí itọ́ lẹ́nu. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò ní parọ́ fún yín mọ́.

Ó sì wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú rẹ̀ là. Ó fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, ó jókòó síwájú níbi ìpín-ẹ̀bùn náà ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rò pé mo gbọ́n ju dókítà lọ.

Màmá ò mọ̀ pé mo ti ń da oògùn nù. Ohun tó rí ni pé ọmọ òun ti padà. Ó dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti wo Délé sàn, ó jó títí gèlè rẹ̀ fi bọ́. Nígbà tí a délé, ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá ti wò sàn kì í lo oògùn mọ́, ó sì kó ìyókù dà nù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀? Èmi náà rí i. Mo dákẹ́.

Kò pẹ́ sí i tí Àǹtí gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà, ló bá gbé iṣu wá láti Ìgèdè, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló gún iyán ọjọ́ náà. Àǹtí jókòó tì í, àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ni ó ya wèrè.

Ó bọ́ṣọ sílẹ̀ ní òpópónà Adébáyọ̀ l'Ádó, níbi tí ọkọ̀ ti ń ya sí ọ̀tún sósì, lójú ọjà àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn èèyàn ń fi fóònù yà á. Nígbà tí a rí i mú wálé, ọmọ odó ló gbé, ó sì fi lu màmá lápá. Egungun rẹ̀ kán. Títí tí màmá fi kú, apá yẹn ò nà tán mọ́.

Màmá jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n dì, ó ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa. Bí aburú bá tẹ̀lé ìjẹ́rìí, a kì í béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. A máa ń béèrè pé ta ló wá. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ, kí n tó ní kí a dáwọ́ oògùn dúró, ṣé ojoojúmọ́ lo ń fi í sọ́bẹ̀ rẹ̀?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú màmá, bí oògùn ò bá yẹ̀ kí Ọlọ́run tó wò ó sàn, ọwọ́ aráyé nìkan ló kù.

Màmá mi orí. Ó ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Ó ní kí n kó gbogbo iṣu Àǹtí síta. Mo kó o.

Àǹtí sáré wá nígbà tó gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ọkọ ni àbúrò bàbá wa jẹ́ fún màmá nínú ilé wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó ló ti ń fi “ẹ” bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, “ìwọ” ló pè é. Ó ní, “Ìwọ tí o ò bímọ, o fẹ́ fi ọmọ tèmi pa ìrònú rẹ.”

Àǹtí kúnlẹ̀. Ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó, lójú àwọn alájọgbé wa. Ó ní, “Ìyàwó mi, èmi kọ́. Abọ́ kan náà la ti jẹun. Uṣu tó jẹ ni mo jẹ.” Ó yíjú sí mi bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. “Ìwọ náà wà ńbẹ̀, ọmọ mi. Bá mi sọ ọ́.”

Mo wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí ò tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Àwọn ìbátan gbọ́, wọ́n gbà á gbọ́, ó rọrùn fún wọn nítorí kò bímọ. Wọ́n gbé Bọ̀dá lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ́. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, àní nínú oòrùn.

Màmá ló padà ń tọ́jú rẹ̀ títí tó fi dolóògbé. Kó tó kú, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Má jẹ́ kí obìnrin yẹn dé ọ̀dọ̀ Délé.” Mo ní mo gbọ́. Irọ́ mi ni màmá fi ṣe ìhágún fún mi.

Bọ̀dá wà lọ́dọ̀ mi báyìí, ní Òkè-Ìlá l'Ádó níbí. Mo gbé e padà sí ọsibítù. Oògùn tí wọ́n fún un báyìí sàn ju ti àtijọ́, kì í jẹ́ kí itọ́ dà. Ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé ara òun ò yá, bí ó bá sì rí oògùn, ó ti bínú nìyẹn. Dókítà ní kí n máa bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbà. Mo ní mo ti gbọ́. Kí n tó délé, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Iṣẹ́ mi àtijọ́ ló tún dé yìí. Mò ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀.

Ó sì ń gbádùn. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kí àwọn aládùúgbò, ó ti ń fi orin gbe odó díẹ̀díẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí mo máa gbé fún un tí kò ní béèrè pé, “Ṣé o fi nǹkan sí i?” Mo máa ní rárá. Á wá ní, “Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè bi léèrè.” Á sì jẹun. Nígbà tí mi ò fi nǹkan kan sí i, ó ya wèrè. Nísinsìnyí tí mò ń fi í sí i, ó gbàgbọ́ pé èmi nìkan ni kì í ṣe é. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti èmi, òtítọ́ ti jókòó sílé mi tipẹ́, ẹnu ló kù tí á fi jáde.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe díjú. Àǹtí ò lè dìde mọ́. Ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ bá òun pè mí. Ó ní ohun tí òun ń fẹ́ kò pọ̀, kí òun fojú kan Délé kí òun tó lọ. Bọ̀dá ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Ohun tí màmá gbìn sí i lọ́kàn ni pé Àǹtí ló fi iṣu ba ayé rẹ̀ jẹ́. Kí n tó lè yọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ pé oògùn wà nínú ọbẹ̀ nígbà náà, pé èmi ni mo dá a dúró. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. “Nísinsìnyí ńkọ́?” Bí ó bá bi mí bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́, oògùn á dúró, a ó sì tún padà sí Adébáyọ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, Àǹtí á wọ ilẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àjẹ́ tí mo fi “bẹ́ẹ̀ ni, mà” rà fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Bọ̀dá gún un. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, “Iṣu yìí dùn. Níbo lo ti rà á?” Mo ní ọjà ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́.

Àǹtí pè láàárọ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa mọ́. Kò béèrè ìgbà tí a máa wá. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé Délé jẹ uṣu náà?” Mo ní ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn. Mo wá gbọ́ pé ó ń sunkún. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní Délé ti dárí ji òun nìyẹn.

Ó rò pé Bọ̀dá mọ̀ pé iṣu òun ni. Mi ò lè sọ fún un pé kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ka èyí tán, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?