Òpó Tó Kúrú Jù Lára Pátákó

Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí, ní nǹkan bí 1988, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀dọ́mọbìnrin tíṣà kan àti ìyá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nínú mọ́tò tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Ọmọ mi ò ní wá sí kíláàsì yín mọ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, gíráàfù ni mo ń kọ́ wọn. Kálukú sọ iye ọmọ tó wà nílé wọn, mo sì ya òpó fún ilé kọ̀ọ̀kan sára pátákó, kí gíga rẹ̀ bá iye ọmọ ibẹ̀ mu. Ọmọ yín tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kà dáadáa."

"Ó mọ̀ ọ́n kà! Ó délé, ó ní, 'Màámi, òpó tiwa ló kúrú jù.' Tíṣà, òun nìkan kọ́ ni mo bí. Òun ló kù. Ẹ ya òfò mi sára pátákó."

Mi ò tíì gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ohùn tíṣà rẹlẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, mà. Màá pa á rẹ́. Èso tí wọ́n fẹ́ràn ni màá fi yà á."

"Níṣojú ọmọ mi ni kí ẹ ti pa á rẹ́."

Ẹ̀yin olùkọ́, gíráàfù dára fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọsàn tàbí àgbàdo kọ́ wọn, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́ wọn.